Gbẹ́rẹ́ Mọ́kànlélógún Lára Apá Ọmọ Mi

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí mo ṣe kírun tán tí mo tan fóònù mi, ohùn obìnrin kan ló kọ́kọ́ wọlé látinú ẹgbẹ́ àsàlátù wa lórí WhatsApp. Ẹnìkan ló gbọ́ ọ níbòmíràn tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Obìnrin náà ń kìlọ̀, ó ń pariwo bí ẹni pé iná ń jó ilé: "Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ o! Ẹni tí wọ́n bá ti gé ọmú rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, kò gbọdọ̀ fi apá ìhà ibẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́ títí ayé. Kó má gbé e sókè, kó má fi fọ aṣọ. Tó bá wú, ẹ fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa sín in ní gbẹ́rẹ́, kí omi burúkú inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ìyá mẹ́wàá." Kí n tó gbọ́ ọ tán, ìyá mẹ́rin ti kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀.

Mo gbé fóònù náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Òórùn kan wọ imú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ń rùn nínú yàrá náà lọ́jọ́ yẹn. Àdín tó ti bà jẹ́ ni, àlùbọ́sà tó ti rà, ìtọ̀ màlúù tó ti pẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òórùn ara èèyàn tó ń kẹ̀. Itọ́ kún ẹnu mi. Mo jáde, mo sì tutọ́ sínú gọ́tà iwájú ilé. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn, nínú yàrá mi, lára ọmọ mi, lábẹ́ èékánná ọwọ́ èmi fúnra mi. Gbogbo ohun tí obìnrin inú fóònù yẹn ní ká ṣe pátá ni mo ti ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ eléyìí sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí ọmọ ṣe ń dun ni.

Télọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti jáde nílé ìwé girama ni mo ti ń ránṣọ ní Ìwó, iṣẹ́ náà sì ti jẹ́ kí n di ẹni tí kì í fojú díwọ̀n nǹkan. Tí mo bá sọ pé íńṣì méjìlá ni, íńṣì méjìlá ni. Àkọ́bí mi obìnrin, onídìrí ni. Ìka rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin fi ń wọ ọ̀kadà láti Ilé-Ogbó wá bá a, nítorí pé kì í fa irun iwájú orí ya. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń pín irun, òun náà ló fi ń fà á le. Ọmú ọ̀tún náà sì ni jẹjẹrẹ gbà wá.

Wọ́n gé ọmú yẹn ní ilé ìwòsàn ńlá kan tó jìnnà sí ilé. Wọ́n yọ àwọn kókó kéékèèké abẹ́ abíyá rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fún un ní oògùn tó mú irun òun náà re, wọ́n sì fi ìtànṣán tọ́jú ojú ibẹ̀. Èmi ni mo dúró tì í látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lè fi Èkó sílẹ̀ ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Nígbàkígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ní kó máa mi ọwọ́ yẹn díẹ̀díẹ̀, mo máa ń dúró kí wọ́n kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, màá sì gbé ọwọ́ náà padà sórí ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ máa bọ̀ nílé pátápátá, ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, nọ́ọ̀sì kan sì na bébà kan sí mi. "Màmá, ẹ bá mi fún un. Àwọn ìdárayá tí yóò máa ṣe fún apá yẹn ló wà níbẹ̀, láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó má fi falẹ̀ o, kí apá má baà wú." Mo dúpẹ́. Mo wo bébà náà nínú ọkọ̀. Àwòrán obìnrin kan ló wà níbẹ̀: ó ń pa ọwọ́ dé, ó ń là á, ó ń ṣẹ́ igunpá, ó ń fi ìka gun ògiri bí aláǹgbá, ó sì ń na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo wo obìnrin inú àwòrán náà bí ẹni ń wo ọ̀tá. Mo wo ọmọ mi tó ń sùn lórí èjìká mi, ojú ibi tí wọ́n rán láyà rẹ̀ ṣì ń le. Mo ká bébà náà sí mẹ́rin. Nígbà tá a délé, mo tì í sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, sáàárín àwọn bébà tí mo fi ń gé ọrùn búláùsì. Mi ò sọ fún un.

Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ tiwa, tí ọmọbìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀ títí ogójì ọjọ́ á fi pé, kò sì ní jẹ́ kó fọwọ́ kan omi tútù. Bí ìyá mi ṣe tọ́jú mi nìyẹn, bí mo ṣe tọ́jú àwọn ọmọ mi náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà tọ́jú ọmọ tí abẹ ti kàn. Nítorí náà, mo sọ ọ́ di abiyamọ. Mo wẹ̀ ẹ́. Mo fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ. Mo fi ìborùn so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

Ó á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n bó iṣu yìí."

"Jókòó."

"Ṣé iṣu náà máa bù mí jẹ ni?"

"Mo ní kó o jókòó."

Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá kí i. Ọ̀kan nínú wọn, ẹlẹ́nu gígùn kan tó ń ta aṣọ, wò ó níbi tó jókòó sí bí ère, ó sì kọjú sí mi. "Ìyá onídìrí, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí mira rárá ni? Ó dáa, ẹ gbé máṣíìnì yín tì, kẹ́ ẹ wá máa bá wa dirun." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọmọ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó wo ọwọ́ rẹ̀. Tó bá fẹ́ kírun, ọwọ́ òsì nìkan ló ń dé etí nígbà tó bá ń pe Allāhu Akbar. Tọ̀tún ò ju ìdodo lọ. Èjìká rẹ̀ ti ń gan. Èmi ń rí i, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ìsinmi ló ń ṣe é lóore.

Oṣù kẹta lẹ́yìn tá a délé ni mo rán búláùsì àǹkárá kan fún un. Mo mọ ìwọ̀n apá ọmọ mi lórí. Íńṣì méjìlá ni, ọ̀tún àti òsì, láti ọdún tó ti lọ sílé ọkọ. Ọwọ́ òsì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún há sí òkè igunpá. Mo ní bóyá mo ṣì í gé, mo tú u, mo wọ̀n ọ́n, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mo wá yọ tépù lọ́rùn mi, mo fi wọn apá náà. Íńṣì mẹ́tàlá àbọ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì tètè kún padà.

Ibi tó yẹ kí n ti gbéra lọ sílé ìwòsàn nìyẹn. Omi ni mo gbé kaná. Omi tó hó, tí mo fi tútù là díẹ̀, mo rẹ aṣọ ìnura sínú rẹ̀, mo fún un, mo sì ń fi gbogbo agbára tẹ apá náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ ikùn abiyamọ. "Màámi, apá mi ni o, kì í ṣe iyán," ni ọmọ mi ń sọ, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó fara dà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó di mẹ́rìnlá àbọ̀. Mo fi kún omi gbígbóná. Ó di mẹ́rìndínlógún. Awọ apá náà ń dán bí ara igbá tuntun, ìka rẹ̀ sì wú tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka ìgbéyàwó fi rì sínú ẹran. Èmi fúnra mi ni mo fi ọṣẹ yọ ọ́.

Obìnrin kan wà nígbà náà tó máa ń ti Kuta wá wọ́ra fún àwọn abiyamọ àdúgbò wa. Mo ránṣẹ́ pè é. Ó dé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó gbé báàgì ọ̀rá kan àti kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kan apá náà, ó pòṣé. "Ìyá ìyàwó, ẹ ń fi omi gbígbóná ṣe é, ó dáa. Ṣùgbọ́n ibo lẹ fẹ́ kí omi burúkú náà gbà jáde?"

Ọmọ mi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Ìyá, ẹ má bínú. Dókítà ní kí abẹ má kan apá yìí."

"Dókítà tó gé odidi ọmú ló wá ń sọ pé kí abẹ má kan apá?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Títí di òní, nínú gbogbo ohun tó ń rí mi lára nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín yẹn wà lára èyí tó burú jù. Mo ní, "Àmọ̀kẹ́, fọkàn balẹ̀. Èmi ni ìyá rẹ." Mo di apá náà mú fún un. Ìlà mẹ́ta ló sín, méje-méje, láti ìsàlẹ̀ igunpá dé ọrùn ọwọ́. Mo kà á bó ṣe ń gé e. Mọ́kànlélógún. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Omi ni, ó ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú gbẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin náà pariwo, "Ẹ ń rí i? Ẹ ò rí i?" Èmi náà pariwo, "Alihamudulilai!" Ó fi ẹ̀tù dúdú ra ojú gbẹ́rẹ́ náà. Ó yọ ohun kan nínú ọ̀rá, àlùbọ́sà tí wọ́n gún mọ́ àdín, ó da ìtọ̀ màlúù inú kẹ́ẹ̀gì lé e, ó pò ó, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá ọmọ mi látòkè délẹ̀. Ọmọ mi yíjú sí ògiri, ó ń bì. Àjákù àǹkárá mi ló fi wé e. Obìnrin náà ní ká má ṣe tú u títí ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kejì, ara ọmọ mi gbóná, ó ń gbọ̀n. Mo ní oògùn náà ló ń jà. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ yàrá, mo sì ní láti jáde padà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè kọ òórùn yẹn sílẹ̀ tí yóò fi yé yín. Kì í ṣe òórùn ẹran tó bà jẹ́ lásán. Ó dùn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí èso tó ti rà jù, adùn yẹn ló sì ń jẹ́ kí èèyàn fẹ́ bì. Àwọn eṣinṣin ti bà sára aṣọ náà. Mo tú u. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ara, mo sì rí òdòdó àǹkárá mi tó yọ sí awọ ọmọ mi. Apá náà ti pọ́n láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, ọyún sì ń jáde lójú gbẹ́rẹ́ tí mo fẹnu ara mi kà. Mo fẹ́ fi omi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ara ọmọ tí mo bí rí mi lára. Mo dúró níbẹ̀, mo fi gèlè bo imú mi, ó sì ń wò mí.

"Màámi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "ẹ gbé mi lọ."

Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa dé ibùdókọ̀. Oníkẹ̀kẹ́ náà yí orí síta ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tá a dé ilé ìwòsàn, wọ́n dá ọmọ mi dúró, wọ́n so omi oògùn mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀, wọ́n sì ní bí a bá tún dúró lọ́jọ́ kan sí i, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ibà lọ, tí pípọ́n náà sì rọlẹ̀, wọ́n mú obìnrin kan wá sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara. Ó kéré sí àbígbẹ̀yìn mi, ó wọ hìjáàbù funfun, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó yẹ apá náà wò. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe ibí yìí?"

Mo ní, "Kòkòrò ló jẹ ẹ́."

Ọmọ mi la ojú. "Kòkòrò tó mọ ìlà fà? Méje, méje, méje?"

Ọmọdébìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹ ní gọ́tà níwájú ilé? Àwọn kókó tí wọ́n yọ lábẹ́ abíyá wọn, gọ́tà apá yìí ni. Nígbà tí kò sí i mọ́, omi ara gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà mìíràn gbà. Kò sì lè dá rìn. Iṣan apá ló ń tì í lọ nígbà tó bá ń sún kì tó sì ń dẹ̀. Tí ẹ bá so apá náà kọ́, omi náà á jókòó. Ooru tẹ́ ẹ fi ń tẹ̀ ẹ́ ń fa omi púpọ̀ sí i wá. Gbẹ́rẹ́ ní tirẹ̀, ilẹ̀kùn mọ́kànlélógún lẹ ṣí fún àìsàn." Ó wá bojú wo fáìlì. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé wọ́n fún yín ní bébà àwọn ìdárayá náà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń lọ."

"Bébà wo?" ni ọmọ mi bi í.

Ọmọ mi yíjú sí mi. Mo ti rí ojú yẹn rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà tí mo ní abẹ́rẹ́ kò ní dùn ún. Mo wolẹ̀. Mo fọ ọwọ́ mi nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ náà, òórùn yẹn ò kúrò lábẹ́ èékánná mi, ó sì ṣe mí bíi pé òun kọ́ ni mò ń gbọ́, èmi gan-an ni mò ń rùn.

Nígbà tá a padà délé, mo fa àpótí ẹ̀rọ náà, mo yọ bébà yẹn láàárín àwọn ọrùn búláùsì, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bí ọmọdé ṣe ń gbé nǹkan fágbà. Ó là á. Ó wò ó pẹ́. Mo ń dúró kó bú mi.

"Látọjọ́ yìí ni mo ti lè máa ṣe èyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé kó dúró kí ojú gbẹ́rẹ́ jinná kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a padà lọ síbẹ̀, wọ́n fún un ní ohun kan bí ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń fún apá mọ́ra láti ọrùn ọwọ́ dé èjìká, wọ́n ní kó máa wọ̀ ọ́ nígbà ìdárayá. Bí mo ṣe rí i, mo ní mo lè rán irú ẹ̀ mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà. Onídàárayá náà di ọwọ́ mi mú. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán an o. Ibi tó yẹ kó fún ju ibòmíràn lọ wà níbẹ̀." Mo fi tépù mi sínú àpò. Mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́.

Láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á jókòó, á kọ́kọ́ mí sínú mí síta lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí àyà là. Á yí èjìká. Á pa ọwọ́ dé, á là á, bí ẹni ń fún kànìnkànìn. Á ṣẹ́ igunpá, á nà án. Lẹ́yìn náà, á kọjú sí ògiri, á sì máa fi ìka gun òkè, ìka kan tẹ̀lé ìkejì, títí dé ibi tó bá ti ń fà á, kò ní fipá kọjá ibẹ̀. Ó lè dà bí eré ọmọdé lójú yín. Mi ò lè wò ó. Àpá mọ́kànlélógún náà ti dúdú, wọ́n sì ń nà bí apá ṣe ń nà. Nígbà mìíràn mo máa ń ní, "Ó tó báyìí, sinmi," ó á sì dá mi lóhùn láìwẹ̀yìn, "Màámi, ẹ lọ ránṣọ." Wọ́n ti kọ́ ọ pé tí apá bá ti wúwo tàbí tó ń dùn ún, kó dáwọ́ dúró. Òun ló ni apá, òun ló mọ̀.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbà kí n ṣe ni ká wọ̀n ọ́n. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà sórí ògiri níbi tí ìka rẹ̀ dé. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, íńṣì mẹ́rìndínláàádọ́ta ni láti ilẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń fa ìlà tuntun, tí mo sì ń wọn apá náà níbi kan náà. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí ìlà náà kò sún rárá. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí apá tún fi ìdajì íńṣì wú, torí ó dáná fún àlejò lọ́jọ́ oòrùn, mo sì sá lọ sẹ́yìn ilé lọ sunkún. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di mẹ́rìnlá. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ń gun òkè lórí ògiri mi bí àtẹ̀gùn.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ìrun alásárì, a jọ dúró lórí ẹní. Mo gbọ́ tó pe Allāhu Akbar, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú rí ọwọ́ méjì tó gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ọ̀tún gbọ̀n díẹ̀, ó dé etí, ó sì dúró níbẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mo gbàgbé iye rákà tí mo ti kí. Mo tún ìrun náà kí látìbẹ̀rẹ̀.

Orí mi ló kọ́kọ́ dì lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùkú ni. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó dì í tán, oníbàárà ẹlẹ́nu gígùn yẹn sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ẹ rí i, télọ̀, orí yín là ń fi dán ọwọ́ wò. Tó bá wọ́, ẹ̀yin lẹ fà á." Kò wọ́. Lónìí, ó ń dirun fún oníbàárà méjì lóòjọ́, kò gba ẹ̀kẹta. Íńṣì mẹ́tàlá ni apá náà dúró sí. Kò padà sí méjìlá, wọ́n sì ti sọ fún wa pé wíwú náà kò ní lọ pátápátá, àkóso ni a ó máa ṣe é, pẹ̀lú ìdárayá ojoojúmọ́. Bóyá ìbá má wú rárá ká ní mo fún un ní bébà yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi. Àpá gbẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń wọ búláùsì ọlọ́wọ́ gígùn, èmi ni mo sì ń rán an.

Ó ti dárí jì mí. Ó sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òórùn yẹn kò tíì kúrò nímú mi, mi ò sì gbàdúrà pé kó kúrò. Nígbà kan, mo rò pé ara tó ń kẹ̀ ló rí mi lára lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọmọ mi ni, bí mo ṣe dì í mọ́ àyà tí mi ò jẹ́ kí atẹ́gùn kankan kàn án, títí ó fi rà. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti ń dáàbò bo ẹnì kan láìbi í léèrè, òórùn yẹn á dé, màá sì dáwọ́ dúró.

Mo fèsì sí ohùn inú fóònù náà nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wa. Mo kọ ọ́ pé irọ́ ni, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé mi. Ẹnìkan dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìkìlọ̀ lásán ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára." Ọ̀rọ̀ yẹn náà rí mi lára.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Tí apá ẹni tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ bá ń wú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ má kaná omi, ẹ má ṣe pe ẹni tó ní abẹ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá sì na bébà sí yín níbẹ̀ pé kẹ́ ẹ bá àwọn fún ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un.